Ọkọ̀ mi ń dún “tá”, kò sì ṣíná: ṣé bátìrì náà ni?

Olùbéèrè, Tańkẹ, Ìlọrin

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọ̀tòmátíìkì tí ó ti pẹ́ díẹ̀ ni mo ń wà láti Tańkẹ lọ sí ẹnu iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Láàárọ̀, kì í yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró ra nǹkan ní Gáréèjì Ọ̀fà nínú oòrùn ọ̀sán, tí mo padà dé ìdí rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, n óò yí kọ́kọ́rọ́, yóò dún “tá” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ní í yí. Bí mo bá tún un yí léraléra, yóò ṣàdédé gbà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Mẹkáníìkì ní kí n ra bátìrì tuntun, mo rà á, ìṣòro náà kò kúrò. Ó tún ti ń sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù epo báyìí. Kí ni ó yẹ kí n yẹ̀ wò kí n tó náwó mìíràn?

Rìwáyà, Ọ̀fà

Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ kan sórí pọ́ǹpù epo. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa tí kò sì jí ni à ń bi pọ́ǹpù, plọ́ọ̀gì àti sẹ́ńsọ̀ léèrè. Tiyín kò yí rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń dún “tá-tá-tá” kíákíá ni, n óò sọ pé iná bátìrì ti lọ sílẹ̀. Ẹyọ kan tó wúwo yẹn yàtọ̀.

Ìgbà tí àìsàn náà wà lára rẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò ó, nítorí ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ti yá kò ní sọ ohunkóhun fún mítà tí a fi ń wọn iná. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì máa wo iná náà. Bí ó bá ṣú bí ẹni pé ó fẹ́ kú, bátìrì tàbí orí bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá mọ́lẹ̀ bó ṣe wà, tí “tá” sì dún, iná kò rí ọ̀nà wọ inú kíìkì sítátà (mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì kí ó lè jí): ó lè jẹ́ wáyà ńlá, ó sì lè jẹ́ kíìkì fúnra rẹ̀.

Bátìrì tí ó kún tí ó sì ti sinmi yóò fi nǹkan bíi fóòtì (volt) 12.6 hàn. Nígbà tí kíìkì bá ń yí ẹ́ńjìnnì, kò yẹ kí ó wá sí ìsàlẹ̀ 9.6, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti jí, alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, yẹ kí ó gbé e dé àárín 13.8 sí 14.4. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ẹnu mítà kan sórí òjé orí bátìrì tó ń lọ sí ẹ́ẹ̀tì (ẹ̀gbẹ́ tí a kọ − sí), kì í ṣe irin tí wọ́n fi dè é, kí ẹnu kejì kan ara ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá ju ìdajì fóòtì lọ, wáyà ẹ́ẹ̀tì ń jẹ iná yín. Àwọn kan a máa gbé bátìrì tuntun sínú ọkọ̀, wọn a sì fi orí àtijọ́ tí lẹ́búlẹ́bú funfun ti bò dè é padà. Owó onítọ̀hún ti ṣòfò nìyẹn.

Awakọ̀ takisí, Gẹ̀rí-Àlímì

Ẹ gbìyànjú jíà N dípò P. Swíìṣì ìdí jíà, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jí àfi ní P tàbí N, ló ń ṣe tèmi.

Mẹkáníìkì, Òmù-Àrán

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, bí swíìṣì yẹn bá bàjẹ́, ìdákẹ́jẹ́ ni a sábà máa ń gbọ́. Kí olùbéèrè sáà tẹ́tí sí ibi tí ìró náà ti ń jáde: tí ó bá fẹ́lẹ́, tó sì wá láti inú àpótí fíúsì, rílé (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná lọ sí kíìkì) ni, tí ó bá wúwo lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kíìkì ni.

Bàbà méjì wà nínú orí kíìkì, irin kan sì wà tí ó ń sáré wá pa wọ́n pọ̀ nígbàkigbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Iná máa ń ta pàrà níbẹ̀, ó sì ń jẹ bàbà náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan sì lè tètè jẹ ju èkejì lọ. Ní ọjọ́ kan irin yóò kan ọ̀kan láìkan ìkejì. “Tá” tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Irin náà lè yí díẹ̀ ní ààyè rẹ̀, kí ó sì bá ibi tó dára pàdé nígbà tí ẹ bá tún gbìyànjú. Kí ẹ tó tú u, ẹ yọ orí ẹ́ẹ̀tì bátìrì, torí wáyà ńlá ara kíìkì kò gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ kọjá, iná wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Iná iwájú kò ṣú rárá, mítà kò sì rí nǹkan kan lára wáyà ẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a tú kíìkì, a rí i pé bàbà kan ti jẹ tán dé ìdí, èkejì sì ṣì nípọn. Wọ́n ní kí n kúkú ra odindi kíìkì tòkúnbọ̀. Ṣé bàbà nìkan kò lè tó?

Mẹkáníìkì, Òmù-Àrán

Ó lè tó, bí bọ́rọ́ọ̀ṣì inú kíìkì náà (èédú tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò rẹ̀) bá ṣì gùn. Bàbà tòkúnbọ̀ náà lè ti jẹ dé ibi tí tiyín jẹ dé. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì wo ojú irin tó ń pa wọ́n pọ̀: bí ó bá ti ní kòtò, ẹ pààrọ̀ òun náà.