Ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun Japan: ṣé omi kò ní í ya wọ̀lú?

Ìyá Aláró, Òkè-Fìà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Sendai, ní Japan. Ó pè láàárọ̀ yìí pé ilẹ̀ mì, pé 5.6 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi wọn agbára rẹ̀, abẹ́ òkun ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwo ń dún lórí pẹpẹ, ó ní òun tún padà sùn! Èmi tí mo ń rẹ aṣọ láró l'Óṣogbo níbí ni àyà mi ń já. Ṣé irú èyí kò lè gbé omi wá bíi ti 2011, tí ilẹ̀ mì tí omi òkun sì ya wọ̀lú ní Japan?

Bàbá Tíṣà: Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ti 2011 tó bíi 9.0. Bí nọ́ńbà yẹn bá fi 1 ròkè, agbára rẹ̀ á di bí ìlọ́po 32. Kí omi tó ya, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun gbọ́dọ̀ ṣí nípò gidi, 5.6 kì í sábà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àpáta abẹ́ òkun Pacific ló ń wọ abẹ́ Japan díẹ̀díẹ̀. Bó bá há, tó wá já lójijì, ilẹ̀ á mì.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Ìjẹ̀bú-Òde náà mì ní 1984 o.

Ìyá Aláró: Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣùgbọ́n abẹ́ pẹpẹ àwo yẹn ló ń sùn sí!

Bàbá Tíṣà: Háà! Kó gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lónìí.