Re: "Aṣàfihàn" nìkan ò lè gbé gbogbo ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Kaduna dábàá pé ká máa fi "aṣàfihàn" pe monitor, screen àti output lápapọ̀, kí àwọn tó ń túmọ̀ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí Yorùbá lè rójú sinmi. Mo gbọ́ yín ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àmọ́ tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó lọ ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ní Banex l'Abuja tó wá so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ò ní mọ èwo là ń bá wí.

Ẹ tẹ xrandr, àṣẹ tó ń sọ bí mọ́nítọ̀ yín ṣe wà, lórí X11, ètò àtijọ́ tí Linux fi ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀, kẹ́ ẹ wò ó. "Screen 0" ló máa kọ́kọ́ kọ síta, á wá sọ bó ṣe tóbi tó. Ká ní láptọ́ọ̀pù jẹ́ píksẹ́lì (àwọn àmì tíntìntín tó ń di àwòrán) 1366 ní fífẹ̀ x 768 ní gíga, mọ́nítọ̀ jẹ́ 1920 x 1080, tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 3286 x 1080 lẹ máa rí. Mọ́nítọ̀ wo ló fẹ̀ tó yẹn lórí tábìlì yín? Kò sí. Screen yẹn ò ṣeé fọwọ́ kàn, ilẹ̀ kan ṣoṣo tó tẹ́ rẹrẹ ni, mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan kàn ń fi apá tiẹ̀ hàn wá níbẹ̀ ni, kódà apá kan wà tí ẹnikẹ́ni ò rí, torí 768 péré ni láptọ́ọ̀pù ga, 312 tó kù ò sí lójú ẹnì kankan. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ ká pè é ní "pápá". Ẹnì kan á ní Wayland, tó ń gba ipò X11, ti dé, Screen 0 ti lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ GNOME àti KDE, àwọn ètò tó ń to ojú kọ̀ǹpútà Linux, ṣì ń to mọ́nítọ̀ sórí ilẹ̀ kan, ẹ̀yin náà ṣáà ń fi máòsì fà wọ́n síbi tó wù yín nínú Settings.

Output ńkọ́? xrandr á kọ "VGA-1 disconnected" nígbà tí mọ́nítọ̀ kankan ò sí níbẹ̀. Ojú ihò tí wáyà ń wọ̀ ló ń sọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ẹnu", ẹnu HDMI, ẹnu VGA, kó parí. Kí "aṣàfihàn" wá dúró fún mọ́nítọ̀ nìkan, mi ò bá a jà níbẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni tẹni tó ní ká pe primary, mọ́nítọ̀ tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ní "Táyé" torí òun ló kọ́kọ́ jáde. Ọmọ Yorùbá wo ló ń sọ pé Táyé ni àgbà? Kẹ́hìndé ló rán an wá tọ́ ayé wò! Primary náà ò sì ní í ṣe pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ so, ẹ̀yin lẹ máa yàn án, ibẹ̀ sì ni pánẹ́lì GNOME máa ń wà. "Olórí" ti tó, jàre.

Mirror, ìyẹn kí mọ́nítọ̀ méjì máa fi nǹkan kan náà hàn, kì í ṣe "dígí" o. Ará ọ́fíìsì wa kan tó jẹ́ Hausa ní ká kúkú pè é ní madubi, dígí náà ló ń sọ! Dígí máa ń yí ọ̀tún sí òsì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé nǹkan sórí pùrójẹ́kítọ̀ nínú mítíìnì, lẹ́tà ò yí padà, xrandr gan-an --same-as ló ń pè é. Ẹ jẹ́ ká lo "ẹ̀dà". Èyí tí GNOME ń pè ní Join Displays, ìyẹn kí mọ́nítọ̀ méjì di pápá kan, "so pọ̀" ni, kì í ṣe "fà gùn", torí kò sóhun tó gùn sí i nínú mọ́nítọ̀ méjèèjì.

Workspace, ibi téèyàn ń kó àwọn fèrèsé iṣẹ́ kan sí kó lè bọ́ sí òmíràn, ló ṣì ń dà mí láàmú. Lórí XFCE, ẹgbẹ́ GNOME àti KDE, tẹ́ ẹ bá kúrò nínú ọ̀kan, gbogbo mọ́nítọ̀ ló máa bá yín lọ, àmọ́ GNOME, tẹ́ ò bá yí nǹkan kan, olórí nìkan ló ń lọ, ìkejì á jókòó síbi tó wà. KDE tún ń pe nǹkan kan náà ní virtual desktop. Mo ń rò ó pé "yàrá" lè gbà á, ṣùgbọ́n yàrá tí apá kan ẹ̀ ò bá èèyàn lọ ṣì ń kọ mí lóminú. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ kó mú un wá, kó ṣáà má jẹ́ "orí tábìlì" (desktop).