Kásẹ́ẹ̀tì tí Bàbá wa fi ń ṣe lẹ́tà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Màmá wa ń kó kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó. Níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni wọ́n ti bá àpò Ghana-Must-Go kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kásẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Orin Yusuf Ọlátúnjí, Haruna Ìṣọ̀lá àti Àyìnlá Ọmọwúrà ló pọ̀ jù, pẹ̀lú àwàdà Bàbá Sàlá tí Bàbá wa gbà sílẹ̀ látorí rédíò. Àwọn yẹn kò ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó gbà mí lọ́kàn ni àwọn tí Bàbá wa fi ohùn ara wọn ránṣẹ́ láti London, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1983. Màmá wa kò kàwé, kò sí fóònù nílé wa, kásẹ́ẹ̀tì ni Bàbá fi ń ṣe lẹ́tà. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ni wọ́n á fi rán.

Àbúrò mi gbé ọ̀kan sórí rédíò, ó fi fóònù gbà á, ó fi ránṣẹ́ sí mi ní Manchester. Bàbá ki Màmá ní oríkì wọn, wọ́n wá kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú. Wọ́n ní kí wọ́n di ọgbà ẹ̀yìnkùlé dáadáa kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ̀gẹ́. Wọ́n wúkọ́, wọ́n ní òtútù ń mú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti kú; mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín wọn ṣe ń dún. Àwọn ọmọ mi kò tilẹ̀ bá wọn láyé.

Báwo la ṣe lè gba ohùn yìí kúrò kó tó bàjẹ́? Òmíràn ti ń fà, ohùn rẹ̀ ń wúwo. Èyí tó tún le jù ni pé nínú ọ̀kan, Bàbá fi ìbínú sọ̀rọ̀ nípa àbúrò wọn, lórí owó ilé tí wọ́n ní kó bá wọn kọ́. Ọ̀rọ̀ náà korò. Wọ́n parí ìjà yẹn kí Bàbá tó kú, àbúrò Bàbá yìí ló sì jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí. Àwọn àbúrò mi fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí. Ṣé kí n gé ibẹ̀ kúrò ni?

Ẹlẹ́rọ Ṣómólú: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Kí wọ́n má tíì gbé òmíràn sórí rédíò. Èyí tí orí rẹ̀ dọ̀tí ló máa ń jẹ tẹ́ẹ̀pù. Kí wọ́n ṣẹ́ eyín kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e. Kí wọ́n fi òwú àti sípírítì nu orí ẹ̀rọ àti rọ́bà tó ń fa tẹ́ẹ̀pù. Kí wọ́n yí kásẹ́ẹ̀tì dé òpin, kí wọ́n yí i padà, kí tẹ́ẹ̀pù tó ti lẹ̀ mọ́ra lè tú, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, yóò gbà á, ọ̀fẹ́ ni. WAV, irú fáìlì tí kì í dín ohùn kù, ni kí wọ́n fi pa á mọ́. C90, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90, gba ìṣẹ́jú 45 lójú kan, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n á máa gbà á, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ ṣọ́ra fún C120, tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ fẹ́lẹ́. Èyí tó bá ti bu, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ má fojú kéré àwàdà Bàbá Sàlá yẹn o! Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ayé àtijọ́ máa ń gba ètò tuntun lé orí tẹ́ẹ̀pù ètò tó ti kọjá. Àwo orin Yusuf Ọlátúnjí wà lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ètò rédíò tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ nílé lè máà ní èkejì. Moses Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀, sì ti kú láti 2018. Ìpolówó ọjà àti ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó wà láàárín ètò náà, ẹ má gé e.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ẹ ti bi Màmá? Àwọn ni wọ́n kọ lẹ́tà sí. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kì í ṣe ti WhatsApp.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston: Tèmi ni pé kí ẹ gbé e fún bàbá náà kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́. Wọ́n ti parí ìjà, kí ló kù?

Ìyá Ìbejì: Rárá o. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Bàbá tó sọ ọ́ kò sí láyé láti sọ pé òun ti dárí jì. Àgbàlagbà á wá máa dá gbé e rò lóru. Ẹ pa odindi rẹ̀ mọ́, ẹ má gé e, ẹ má sì pín in.

Olùkọ́ Èdè: Ti àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ má gbé odindi kásẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún wọn. Ibi ewúrẹ́ yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí àwọn náà wá fi ohùn ránṣẹ́ sí Màmá, kí wọ́n bi wọ́n bóyá ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ náà. Màmá á dá wọn lóhùn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gidi. Mo ti pe Màmá. Wọ́n rántí kásẹ́ẹ̀tì náà! Wọ́n ní àwọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ nígbà yẹn, pé kí n gbà á sílẹ̀, kí ó wà lọ́wọ́ èmi nìkan. Wọ́n ní èyí tí Bàbá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò wọn, tí wọ́n sì súre fún un, wà nínú àpò yẹn, òun ni kí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí bàbá náà. A ó wá a. Ẹlẹ́rọ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa ṣe é? Ẹ̀gbọ́n mi lè kó wọn wá sí Ṣómólú lọ́jọ́ Sátidé.