Ẹyẹlé tí mo tà sí Ìsánlú padà wá bá mi ní Kàbà

Ẹlẹ́yẹlé Kàbà:
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ń sin ẹyẹlé nínú wa, ẹ wá sọ tiyín. Nígbà ọyẹ́ ni mo ta akọ kan àti abo kan fún bàbá kan ní Ìsánlú. Inú agbọ̀n tí a da aṣọ bò ni wọ́n wà títí wọ́n fi débẹ̀. Wọn ò rí Ìyàrá, wọn ò rí Mọ̀pà. Bàbá náà sé wọn mọ́lé títí tó fi gbà pé ara wọn ti mọlé. Ọjọ́ tó tú wọn sílẹ̀, ọyẹ́ bo oòrùn pátápátá. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti bà sórí òrùlé mi.

Bàbá pè mí, wọ́n ní mo fi òògùn sí wọn lára. Mo dá owó wọn padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí ohun tó wà lára ẹyẹlé ju òògùn lọ. Ilẹ̀ ayé tí a tẹ̀ yìí, òòfà ńlá ni, bí irin tó ń fa irin mọ́ra, ẹyẹlé sì ń mọ̀ ọ́n lára. William Keeton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, so òòfà mọ́ àwọn ẹyẹlé kan, ó so idẹ tí kì í ṣe òòfà mọ́ àwọn mìíràn. Ó kọ ohun tó rí jáde ní 1971. Bí oòrùn bá ràn, gbogbo wọn a fi í mọ̀nà ilé. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, àwọn tó ru òòfà a ṣìnà, àwọn tó ru idẹ a máa lọ ní tiwọn. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, bá onílé mu, kó di ọjọ́ ìṣòro kó sá lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ìfẹ́ ilé nìkan kì í fọ̀nà hanni.

Ọmọ Ìyàrá:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi kó tèmi lọ sí apá Ìtakpẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa irin. Oòrùn ń ràn kedere, síbẹ̀ wọ́n kàn ń fò yí mi ká ni, kálukú wá gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó délé. Àbí irin yẹn ni?

Ẹlẹ́yẹlé Kàbà:
Àbúrò, ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Òkè onírin kan wà ní Rhode Island ní Amẹ́ríkà; onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Charles Walcott, tú ẹyẹlé sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1978 pé nínú oòrùn gan-an, wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá kọrí sí. Irin tí òòfà ń fà wà nínú ilẹ̀ Ìtakpẹ́ náà. Tún kó wọn lọ sí Obajana, òkúta sìmẹ́ǹtì tí òòfà kì í fà ló pọ̀ níbẹ̀, kí o wá sọ bí wọ́n ṣe ṣe fún wa.