Ṣé atọ́kùn ni Rush Limbaugh, àbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Rush Limbaugh, ọmọ Amẹ́ríkà tó lókìkí lórí rédíò, ní Yorùbá túmọ̀ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, "conservative talk radio host", sí "atọ́kùn oníṣẹ̀ṣe orí asọ̀rọ̀mágbèsì", wọ́n sì ní kí a bá àwọn wò ó. Mo wò ó dáadáa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró nínú rẹ̀, èyí tí àwọn yòókù sì ń bá yín jà lé lórí gan-an ni.

Oníṣẹ̀ṣe kò ṣeé lò fún "conservative" rárá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lónìí, ẹlẹ́sìn òrìṣà ló máa wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe ọmọ ìdílé agbẹjọ́rò láti Cape Girardeau ní ìpínlẹ̀ Missouri, tó ń pariwo pé kí ìjọba dín owó orí kù. Àbúrò kan mú "alátakò ìyípadà" wá. Ìyẹn náà kò gún. Ní 1994, nígbà tí ẹgbẹ́ Democrat ti fi 40 ọdún gbá ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin mú, ìyípadà gan-an ni Limbaugh ń ké fún lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ Republican tí Limbaugh ń tì lẹ́yìn borí, àwọn aṣòfin tuntun ẹgbẹ́ náà sọ ọ́ di ọ̀kan lára wọn fún iyì. "Apá ọ̀tún" sàn díẹ̀, àmọ́ tí a bá ti pe àwọn kan ní ọlọ́tùn-ún, àwọn tó kù á di olósì, kò sì sí etí Yorùbá tó máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní rántí òṣì. Ẹ jẹ́ ká kọ Konsáfétífù bí a ṣe ń pè é, bí a ti kọ gómìnà àti kánsẹ́lọ̀.

Atọ́kùn dùn lẹ́nu, mo gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ atọ́kùn ni kí ó mú eégún wọ agbo, kí ojú ayé sì wà lára eégún. Limbaugh kì í sábà gbàlejò lórí ètò rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, òun ló ń sọ̀rọ̀, àfi àwọn tó bá pè wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á sì ti yẹ̀ wọ́n wò kí ohùn wọn tó jáde. Eégún fúnra rẹ̀ ni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló tọ́ sí i.

Ó wá kan asọ̀rọ̀mágbèsì. Àwọn kan ní níwọ̀n ìgbà tí èèyàn ti ń pè wọlé, rédíò ti ń gba èsì, kí a pa á tì. Mi ò gbà. Láti 1949, àjọ FCC tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí rédíò tó bá gbé ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn jáde fàyè gba ohùn ẹgbẹ́ kejì. Kì í ṣe pé kí wọ́n pín ìṣẹ́jú dọ́gba o, ṣùgbọ́n èsì gbọ́dọ̀ wà. Ní 1987, wọ́n fagi lé e. Nígbà yẹn, orin ti kó lọ sórí ìgbì rédíò FM tí ohùn rẹ̀ mọ́ jù, àwọn rédíò orí ìgbì AM sì ń wá ohun tí yóò fi dá olùgbọ́ dúró. Limbaugh ti fi orúkọ Jeff Christie gbé orin sáfẹ́fẹ́ ní Pittsburgh, wọ́n ti lé e níṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ti ń sọ tẹnu rẹ̀ lórí rédíò KFBK ní Sacramento láti 1984. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1988, ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde káàkiri orílẹ̀-èdè láti rédíò WABC ní New York. Nígbà tó yá, iye rédíò tó ń gbé e lé ní 600, kò sì sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn níbẹ̀. Bí asọ̀rọ̀mágbèsì kò bá bá ìyẹn mu, kí ló tún fẹ́ bá mu?

Dittohead, orúkọ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ("ditto" ni "bákan náà" lédè Gẹ̀ẹ́sì), ni wọ́n ní ká pè ní "agbọ́ràn-bí-àgùntàn". Ó burú. Ibi tó ti ṣẹ̀ ni pé olùpè kan á yin ètò náà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ẹni tó tẹ̀ lé e á kàn ní ohun tí ẹni ìṣáájú sọ ni tòun náà, kó lè tètè dórí ọ̀rọ̀ tó gbé e wá. Ìyìn ni wọ́n ń gé kúrú. Mo dábàá "ará Bákan-náà". Ẹni tó pè láti Ohio á ní, "Rush, bákan náà o!", ó parí.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ní orúkọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé abúni ni, mo mọ ohun tó ń dùn yín. Ní 2012 ó sọ ọ̀rọ̀ àlùfààṣá sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin kan tó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin lórí ìfètòsọ́mọbíbí. Àwọn olùpolówó ọjà sá, ó sì tọrọ àforíjì. Kí èyí wọ inú ìtàn náà ní kíkún, kí oyè ìdálọ́lá tí Ààrẹ Trump fún un ní oṣù Kejì 2020 náà wọ̀ ọ́, ọdún kan kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó pa á. Ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ là ń wá. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìbú ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ lè jẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ní kí ẹ fi rọ́pò nìyí: "Rush Limbaugh, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Konsáfétífù orí asọ̀rọ̀mágbèsì." Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ju Konsáfétífù lọ, kó tètè mú un wá kí ìwé náà tó lọ sí ìtẹ̀wé.