Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin mi, ooru ò jẹ́ kí n sùn mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláṣọ Dùgbẹ̀:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ nílé ni. Ọmọ ọdún 42 ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Oṣù kẹrin rèé tí mo ṣe opiréṣọ̀n. Fíbírọ́ìdì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tí mo bá ti ń ṣe nǹkan oṣù ẹ̀jẹ̀ á máa dà bíi kí n kú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, ìgbà tí wọ́n wá ṣe sikáànù wọ́n ní nǹkan tún ti wú nínú ilé ẹyin mi méjèèjì, ni dókítà bá ní káwọn kúkú kó gbogbo ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àti ilé ọmọ àti ilé ẹyin tọ̀tún tòsì. Mo fọwọ́ sí ìwé torí mo fẹ́ wà láàyè fáwọn ọmọ mi, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Opiréṣọ̀n yẹn lọ dáadáa, ojú ọgbẹ́ ti jinná. Ooru yìí ni ò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọjọ́ kẹta, mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, nǹkan kan gbéra láyà mi, ó gba ọrùn gòkè, ó dé ojú, ó dé etí, bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò tó ń hó tó wá gbójú lé e. Òógùn bò mí. Kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti lọ, òtútù wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì tí mo pè ní oògùn tí wọ́n fún mi kí n lè sùn nígbà opiréṣọ̀n ló ń jáde lára. Oṣù kẹrin rèé, kò tíì jáde tán.

Ní báyìí ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń wọn léèsì funfun fún kọ́sítọ́mà kan, mo ti wọn ọ̀pá mẹ́ta, òógùn já bọ́ níwájú orí mi ó kán sórí léèsì, ibi tó kán sí ń fẹ̀ lójú àwa méjèèjì. Obìnrin yẹn fà sẹ́yìn, ó ní "Ìyá, ṣé kò rẹ̀ yín báyìí?" Kò rà á mọ́. Mo ká aṣọ mi, mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sunkún.

Òru ló tún wá burú jù. Ládùúgbò wa iná lè má dé fún ọjọ́ méjì, fáànù oníbátìrì ò kọjá wákàtí mẹ́ta, tó bá ti kú báyìí mo máa dìde lọ nà sórí táìsì ní páséèjì. Ọkọ mi ò bínú, ó kàn ń wò mí ni, mo mọ̀ pé ó rò pé mo ń sá fún òun. Ìyá ọkọ mi ní ibà ni, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun míì fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lo oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, àgbo dóńgóyárò tí wọ́n sè fún mi mo mu ún títí ẹnu mi fi bó, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, kò síbà.

Ṣé ó máa lọ fúnra ẹ̀ ni àbí báyìí ni mo ṣe máa wà? Ọ̀rẹ́ mi kan ní oògùn họ́móònù wà fún un, òmíì ní n má dán an wò, pé jẹjẹrẹ ọmú ló ń fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbabẹ̀ kọjá, kí lẹ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀gbá:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo ka tìẹ tán, omi bọ́ lójú mi torí èmi gan-an lò ń sọ yẹn. Ọdún 2018 ni wọ́n yọ tèmi, ọmọ ọdún 44 ni mí nígbà yẹn. Kì í ṣe ibà o. Jọ̀ọ́ dá oògùn ibà dúró, tí tẹ́ẹ̀sì bá ti ní kò sí, kò sí náà ni. Ohun tí mo fi yí ìyá ọkọ tèmi náà lérò padà rèé: ra tẹmómítà, tí ooru yẹn bá ti gbé ẹ báyìí fi há abíyá lójú wọn. Ojú mi á máa jó bí iná àmọ́ tẹmómítà ò ní ju 37 lọ. Ibà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, irú tàwọn ọmọ iléèwé, gbogbo ìgbà tó bá ti dé kọ aago tó dé, kọ ohun tó o jẹ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èmi ò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo fi rí i pé ata rodo, tíì gbígbóná àti ìbínú ló ń fà á fún mi jù. Mi ò jáwọ́ nínú ata o, ta ló lè ṣe é, mo kàn dín in kù lóúnjẹ alẹ́. Aṣọ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ lára, pọlisítà, mo kó gbogbo ẹ̀ dà nù, òwú ni mò ń wọ̀, bùbá ọlọ́rùn gbígbòòrò, àdìrẹ tó ti fọ̀ dáadáa. Gèlè, tó bá jẹ́ òde ọ̀sán, mo máa ń dì í tí mo bá ti jókòó tán ni, mo sì máa ń wá àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Òru wá ni. Pure water méjì, kó o sínú fíríìsà nígbà tíná bá wà, tíná bá lọ kó o wé e sínú táwẹ́ẹ̀lì, kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí, kan wà lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n lára pé ó ń bọ̀ (ó máa ń fún wa ní àmì, tèmi àyà mi ló kọ́kọ́ máa ń já) gbé e lé ẹ̀yìn ọrùn àti ọrùn ọwọ́. Ìró òwú méjì ni kó o tẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí tòkè bá rin, o fà á kúrò ni, o ò ní dìde.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ńṣe ni gbogbo èyí dín in kù, kò wò ó. Oògùn tí dókítà àwọn obìnrin kọ fún mi ló jẹ́ kí n sùn, mo sì ti fi odidi ọdún kan jìyà kí n tó lọ. Ọdún kan yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Nọ́ọ̀sì Manchester:

Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ó dùn mí pé wọn ò sọ fún yín kẹ́ ẹ tó wọlé opiréṣọ̀n.

Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń dúró fúnra ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni estrogen, họ́móònù obìnrin tí ilé ẹyin máa ń ṣe, ń dín kù lára ẹ̀, ó lè gba ọdún mélòó kan, ara á ti máa mọ́ ọn lára. Tiyín, ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹ wọlé pẹ̀lú ẹ̀, ẹ jáde láìní in. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ bí ara ṣe gbóná sí, estrogen wà lára ohun tó ń mú kó fara balẹ̀, tí estrogen bá wá lọ lójijì, ooru kékeré tí ẹlòmíì ò ní mọ̀ lára rárá, ibẹ̀ yẹn á rò pé ara ti gbóná jù, á ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú àti tọrùn, á tú òógùn jáde kára lè tutù. Ara kì í sì í ṣe pé ó gbóná tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú yín tó bá lọ tán.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yẹn, ọdún 2002 ni ẹ̀rù ẹ̀ ti wọlé. Ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Women's Health Initiative, wọ́n dá apá kan ẹ̀ dúró lọ́dún yẹn torí jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ sí i díẹ̀ lára àwọn tó ń lo oògùn họ́móònù alápapọ̀, estrogen pẹ̀lú họ́móònù míì tí wọ́n ń pè ní progestin. Ìròyìn yẹn tàn kárí ayé, ojoojúmọ́ làwọn obìnrin ń da oògùn wọn nù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ ni pé apá kejì wà, àwọn tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn bíi tiyín, estrogen nìkan ni wọ́n fún wọn. Ọdún 2004 ni wọ́n dá tiwọn dúró torí rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀, àmọ́ jẹjẹrẹ ọmú ò pọ̀ sí i láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ wọn sì ti lé ní 60 ọdún. Ẹ̀yin, 42 lẹ wà.

Ẹni tí wọ́n bá yọ ilé ẹyin ẹ̀ kó tó pé 45, ìmọ̀ràn tá a máa ń fún un ni pé kó lo estrogen títí di bíi 51, ìyẹn ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù sábà máa ń dúró fúnra ẹ̀, àyàfi tí nǹkan kan bá wà tí ò jẹ́ kó lè lò ó. Ooru nìkan kọ́ là ń wò, eegun àti ọkàn náà ń bẹ níbẹ̀, eegun máa ń tètè fúyẹ́ tí estrogen ò bá sí. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ tí jẹjẹrẹ ọmú bá wà nínú ẹbí, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sí yín lẹ́sẹ̀ rí, tí ẹ̀dọ̀ bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ béèrè bóyá ti jẹ́ẹ̀lì àbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wà, torí èyí tó ń gba awọ ara wọlé kì í mú ẹ̀jẹ̀ dì bíi ti oníhóró.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn: ṣé wọ́n fún yín ní èsì àyẹ̀wò ohun tí wọ́n yọ? Ilé ẹyin yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbé e lọ sí láàbù. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀, dókítà tó máa kọ oògùn fún yín máa fẹ́ rí i. Tí tẹmómítà bá sì fi lè gun 38, tàbí ẹ ń rù, tàbí ẹ ń wúkọ́, ìyẹn ti yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ohun míì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i nítorí àwọn tí ò lè lo họ́móònù, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ yìí ńṣe ló máa ń dà bíi pé àwa ò sí láyé. Jẹjẹrẹ ọmú ṣe mí, wọ́n ṣàyẹ̀wò wọ́n rí i pé mo ní BRCA1, ìyẹn àbùdá àjogúnbá tó ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin tètè múèèyàn, wọ́n yọ ilé ẹyin mi kí jẹjẹrẹ má bàa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà. Dókítà mi ní estrogen ò sí fún mi. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Kò parí. Venlafaxine kékeré ló kọ fún mi, oògùn tí wọ́n ń fáwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì ni, ó dín ooru yẹn kù gan-an, ọ̀rẹ́ mi kan gabapentin ló ń lò lálẹ́ torí òru ló ń dà á láàmú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lo tamoxifen, oògùn jẹjẹrẹ ọmú, ẹ ṣọ́ra fún paroxetine, wọ́n máa ń kọ òun náà fún ooru àmọ́ kì í jẹ́ kí tamoxifen ṣiṣẹ́ dáadáa. Tuntun kan tún wà, fezolinetant, tí FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kì í ṣe họ́móònù, ọpọlọ níbi tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀dọ̀ èèyàn wò téèyàn bá ń lò ó.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da àgbo pọ̀ mọ́ èyíkéyìí nínú wọn láìsọ fún dókítà.

Bàbá Délé:

Ẹ má bínú pé ọkùnrin ni mí. Ìyàwó mi ṣe opiréṣọ̀n yìí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo rò pé ó ti kórìíra mi ni, tí mo bá fọwọ́ kàn án lóru á fa ara ẹ̀ kúrò kíá. Ìgbà tí mo tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí dókítà sọ ọ́ lójú mi, ni mo tó mọ̀. Ẹ mú ọkọ yín dání lọ síbẹ̀ ma. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Aláṣọ Dùgbẹ̀:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni.

Tẹmómítà ni mo kọ́kọ́ rà. Ó gbé mi lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá ọkọ mi wà níbẹ̀, mo fi há abíyá, 36.8. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ iná wò ó, wọ́n tún fi há abíyá tiwọn. 36.7. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, wọn ò sọ nǹkan kan títí, wọ́n wá ní, "Èmi náà ṣe irú ẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù mi fẹ́ dúró. Wọ́n ní àwọn ayé ló ń jó mi lára." Láti ọjọ́ yẹn màmá ló ń bá mi kó pure water sí fíríìsà.

Mo gba èsì láàbù, kò sí jẹjẹrẹ, mo dúpẹ́. Èmi àti ọkọ mi la jọ lọ rí dókítà àwọn obìnrin. Wọ́n yẹ ìfúnpá mi wò, wọ́n kọ jẹ́ẹ̀lì estrogen fún mi, ilé oògùn mẹ́ta ni mo dé kí n tó rí i. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ò rí ìyàtọ̀, mo ti fẹ́ máa sunkún owó mi. Ní ìwé tí mò ń kọ, ọjọ́ kẹrìndínlógún ló di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lánàá ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n tó wẹ̀ ni kí n máa fi jẹ́ẹ̀lì yẹn pa apá àbí tí mo bá wẹ̀ tán? Ọmọ mi tó kéré jù ṣì máa ń sùn lé mi lápá.

Nọ́ọ̀sì Manchester:

Tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán tí ara ti gbẹ ni ma. Ẹ fi pa á ní pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fọ ọwọ́ tẹ́ ẹ fi pa á, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án fún bíi wákàtí kan. Nítorí ọmọ yẹn, ẹ máa wọ bùbá alápá lé e, tàbí kẹ́ ẹ máa fi pa itan lápá inú, kò gbọ́dọ̀ fara kan jẹ́ẹ̀lì yẹn. Ẹ máa pa á láàárọ̀ tó bá ti lọ iléèwé, kẹ́ ẹ lè máa gbé e sùn lálẹ́.