Owó ìwé dókítà fún ọmọ tó ń kọ́ ijó: ṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ṣe ń san án?

ÌyáÌbejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbóná nínú mi. Ọkọ mi ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, ẹ̀yin ni mo wá sọ ọ́ fún.

Ìbejì ni mo bí, obìnrin méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ń kọ́ ijó òyìnbó tí wọ́n ń pè ní ballet, ọdún kẹta wọn rèé. Tí sáà tuntun bá ti fẹ́ wọlé, ilé ẹ̀kọ́ ijó á ní ká mú ìwé ẹ̀rí dókítà wá, pé ara ọmọ le tó láti jó. Kò sí ìwé, kò sí kíláàsì. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti aṣọ ijó lọ́rùn, tó ń sunkún bọ̀ nílé.

Ọmọ méjì, ìwé méjì, owó méjì. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bí ìbejì ò lè ní kí wọ́n fi ẹnì kan ta òun lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n owó ìwé méjèèjì ju owó kíláàsì oṣù kan fún ọmọ kan lọ. Mo pe àwọn ìnṣọ́ránsì, wọ́n ní ìtọ́jú làwọn ń sanwó fún, àwọn kì í sanwó bébà.

Kì í tiẹ̀ ṣe owó yẹn ló dùn mí jù. A jókòó fún bíi wákàtí méjì kó tó kàn wá. Nígbà tá a wọlé, ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé tá a fi jáde. Dókítà ní kí Táyé gun òṣùwọ̀n. Ó ki rọ́bà bọ etí, ó gbé e lé e láyà, lórí aṣọ. Ó bi mí pé, "Ara wọn dá?" Mo ní ara wọn dá. Gbà, gbà, ó lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ká lọ sanwó níwájú.

Ilé ni mo dé tí mo tẹ́ ìwé méjèèjì sílẹ̀ kí n tó yà wọ́n sórí fóònù. Ti Táyé: kílò 24.5. Ti Kẹ́hìndé: kílò 24.5. Ẹ̀yin èèyàn, Kẹ́hìndé ò fẹsẹ̀ kan òṣùwọ̀n! Kẹ́hìndé tí ṣòkòtò Táyé kì í kọjá itan rẹ̀. Dókítà kàn wo ojú wọn, ó rí i pé wọ́n jọra, ó kọ nǹkan kan náà sí méjèèjì.

Ó tún ku ẹyọ kan. Wọ́n fẹ́ máa lọ kíláàsì ijó ìgbàlódé lọ́jọ́ Sátidé, ibòmíràn ni, ẹlòmíràn ló ni ín. Àwọn yẹn ní àwọn ò lè gba ìwé wa, torí "ballet" ni dókítà kọ sínú rẹ̀. Ṣé kí n tún lọ san owó méjì mìíràn ni? Ṣé báyìí ni ẹ̀yin náà ń ṣe? Àbí èmi ni mo ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ńlá?

BàbáAdùkẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Àṣejù ti wà nínú ìdààmú yín. Èmi ti rí ọ̀nà àbáyọ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Dókítà kan wà tí mo máa ń fi orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ ránṣẹ́ sí lórí fóònù, kí ilẹ̀ tó ṣú ìwé á ti dé, òǹtẹ̀ á ti wà lórí ẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó ìdajì ohun tẹ́ ẹ san. Ìwé ni wọ́n ní ká mú wá, ìwé la mú wá.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Bàbá Adùkẹ́, ẹ má bínú o, ẹ̀yin gan-an lẹ sanwó tó wọ́n jù níbí. Owó Ìyá Ìbejì ra ìṣẹ́jú márùn-ún, tiyín ò ra nǹkan kan.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, mo ti dúró ti dókítà níbi irú àyẹ̀wò yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí owó yẹn rà, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ máa béèrè fún.

Ìbéèrè ló máa ń ṣáájú, òun ló sì ń gba àkókò jù. Ṣé ọmọ yìí ti dákú rí níbi tó ti ń sáré tàbí tó ń jó? Ṣé àyà máa ń dùn ún? Ṣé ó máa ń tètè rẹ̀ ẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ? Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí tó kú lójijì nítorí ọkàn kó tó pé ọmọ 50 ọdún? American Heart Association ní nǹkan 14 tí wọ́n ní kí a yẹ̀ wò lára ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ máa ṣe eré ìdárayá. Mẹ́wàá nínú ẹ̀ ló jẹ́ ìbéèrè nípa ọmọ náà àti ẹbí rẹ̀. Mẹ́rin péré ni dókítà máa fi ọwọ́ àti etí rẹ̀ ṣe: kó gbọ́ bóyá ọkàn ń dún lọ́nà tí kò yẹ, kó fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù níbi tí itan ti so mọ́ ara, kó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kó sì wò ó bóyá àmì Marfan, àrùn àbímọ́ni kan, wà lára ọmọ.

Marfan yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀, torí pé ọmọ oníjó là ń sọ. Ọmọ tó ga, tí apá rẹ̀ gùn, tí ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí oríkèé rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀wù àlòkù: ọmọ tí olùkọ́ ballet máa ń wá kiri nìyẹn. Àwọn àmì Marfan náà sì nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ gíga ló ní in o, ẹ má lọ dẹ́rù ba ara yín lálẹ́ yìí. Àmọ́ ẹni tó bá ní in, iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde lè máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìdún ọmọ rárá. Dókítà tó mọṣẹ́ á ní kí ọmọ na apá méjèèjì, á wọ̀n ọ́n láti orí ìka dé orí ìka, á fi wé gíga rẹ̀ bóyá apá gùn jù ú lọ. Ìṣẹ́jú kan ni. Fóònù ò lè ṣe é, Bàbá Adùkẹ́.

Ti ọkàn tán, ó ku egungun. Ẹ ní kí ọmọ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kó dúró kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Dókítà á dúró sẹ́yìn, á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá apá kan ga ju èkejì lọ. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá fẹ́ máa wọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà oríkèé. Ìwọ̀n kan wà tó ń jẹ́ Beighton, máàkì mẹ́sàn-án ni gbogbo ẹ̀: ìka kékeré ọwọ́ méjèèjì bóyá ó ń tẹ̀ sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ, àtàǹpàkò méjèèjì bóyá ó ń kan apá, ìgúnpá méjì, orúnkún méjì, àti bóyá ọmọ lè tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láìtẹ orúnkún. Ọmọ tó gba máàkì púpọ̀ kì í ṣe aláìsàn o. Ó kàn yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ni, torí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń nà ju ibi tó yẹ kó dúró, ó sì máa ń tètè ṣèṣe.

Ní ti ECG, àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn lórí bébà, òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ítálì ti fi sínú òfin láti 1982 pé ẹni tó bá ń díje gbọ́dọ̀ ṣe é. Ní Faransé ẹ̀wẹ̀, láti 2021, ìwé ìbéèrè ni òbí ọmọdé ń kún kí ẹgbẹ́ eré ìdárayá tó fún ọmọ náà ní ìwé àṣẹ, ìgbà tí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n tó ń ní kó lọ rí dókítà. Bí òfin ibi tẹ́ ẹ wà ò bá béèrè ECG, tí ìbéèrè àti àyẹ̀wò ò sì fi nǹkan kan hàn, ẹ ò ní láti san owó rẹ̀ kún un.

Ìyá Ìbejì, ẹ padà lọ. Ẹ má lọ jà. Ẹ mú ìwé méjèèjì dání, ẹ fi kílò méjì yẹn hàn án, kẹ́ ẹ sì dákẹ́.

Olùkọ́Ijó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Olùkọ́ ijó ọmọdé ni mí, ọdún 19 rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí àwa olùkọ́ kì í fẹ́ sọ. Ààbò tiwa ló wà nínú ìwé yẹn ní ìdajì. Bí ọmọ bá ṣubú, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ìwé dókítà rẹ̀ dà. Ìdajì yòókù ni ti ọmọ, òun ni mo sì ń bẹ yín pé kẹ́ ẹ má ṣe fi ṣeré.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ kílò yẹn, torí mo mọ àwọn ìwé bẹ́ẹ̀. Mo ti gba ìwé tí wọ́n kọ "ó lè gbá bọ́ọ̀lù" sí fún ọmọ tó wá kọ́ ijó.

Nípa Sátidé: ohun tẹ́ ẹ ní kí dókítà kọ ló ṣe pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá ní "ballet", ballet ló máa kọ. Ẹ sọ fún un kó kọ "ijó gbogbo àti eré ìdárayá", ìwé kan á tó fún kíláàsì méjì, ẹ kàn máa fún ibì kejì ní ẹ̀dà ni. Ẹ tún wo ọjọ́. Níbi tí ìwé bá ti ń lo ọdún kan, láti ọjọ́ tí dókítà bá fọwọ́ sí i ni wọ́n sábà máa ń kà á. Àwọn òbí kan máa ń yára gbà á ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó wá ń kú láàárín sáà, wọ́n á tún sanwó.

Èyí tó ń dín owó kù jù tí mo ti rí: bí ọmọ yín bá ní àyẹ̀wò ọdọọdún tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó fẹ́ gbà, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ mú fọ́ọ̀mù lọ. Dókítà ti ń yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, ìnṣọ́ránsì ti ń san ti àyẹ̀wò, ìbuwọ́lù nìkan ló kù. Àwọn dókítà kan ò tiẹ̀ ní gba nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, nítorí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀: ìwé yẹn kò sọ pé ọmọ ti lè wọ bàtà olórí líle tí wọ́n fi ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ìlera oníjó ló gbà pé kí ọmọ tó pé ọdún 12 kò yẹ. Egungun ẹsẹ̀ ṣì ń dàgbà, ikùn àti ìbàdí ò sì tíì le tó. Òbí kan mú ìwé dókítà wá bá mi, ó ní dókítà ti fọwọ́ sí i, kí n wọ̀ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní kó mú dókítà náà wá kó wá kọ́ kíláàsì.

BàbáAdùkẹ́

Mo ti gbọ́ o, ẹ fi mí sílẹ̀. Adùkẹ́ ga, apá rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí n sùn lánàá. Mo ti fi téèpù ìyá rẹ̀ wọ̀n ọ́n, apá àti gíga dọ́gba. Mo ṣì ń mú un lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n owó náà wọ́n, mi ò yí ìyẹn padà.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ó wọ́n, Bàbá Adùkẹ́. Mi ò bá yín jiyàn.

ÌyáÌbejì

Mo padà dé o. Àná ni mo lọ. Mi ò jà, mo kàn tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú dókítà bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ó wò ó, ó tún wo Kẹ́hìndé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ún. Ó ní, "Ẹ má bínú, màdámù. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Kò gba kọ́bọ̀ lé e.

Lọ́tẹ̀ yìí ó tó ogún ìṣẹ́jú lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò Táyé kan apá rẹ̀ bí ẹní ń ká bébà, èmi ìyá rẹ̀ ò mọ̀ rí. Dókítà ní kò léwu, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé kí olùkọ́ rí i. Nígbà tó kan Kẹ́hìndé, ó béèrè bóyá ó máa ń wúkọ́ tó bá sáré. Mo ti ya ẹnu láti sọ pé rárá, ọmọ náà ti dáhùn: "Tá a bá fò púpọ̀. Mo máa ń lọ mu omi." Mo wò ó. Ọdún kẹta rèé tó ti ń lọ mu omi láàárín kíláàsì, tí olùkọ́ ń fi sùn mí pé kì í dúró sójú kan. Dókítà ní ó lè jẹ́ ikọ́ fée díẹ̀, ìyẹn asthma, ó lè má jẹ́ nǹkan kan, ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí Kẹ́hìndé fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan. Owó ìyẹn, ìnṣọ́ránsì máa san án, mo ti pè wọ́n.

Ìwé tuntun kọ "ijó gbogbo". Ti Sátidé ò tíì fún mi lésì. Kílò 24.5 ni Táyé, Kẹ́hìndé 27.1. Ó ní kí n sọ fún gbogbo yín.